Iná Jó Mi, Ebi sì Fẹ́ Parí Iṣẹ́ Rẹ̀

Òórùn kẹrosíìnì náà ni kò yé mi. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí, èyí tí a bá rí là ń rà, ṣùgbọ́n èyí ń rùn bíi pẹtiróòlù. Ebi ń pa àwọn ọmọ, mo ṣáná sí sítóòfù. Bùú! Iná gba àyà mi, ó gba apá méjèèjì.

Ilé wa ní Fìdítì kún lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan gbé epo pupa dé, ẹnìkan gbé ẹyin, wọ́n fẹ́ fi kùn mí lára. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá ọkọ mi tó lé wọn sẹ́yìn, tó ń bu omi tútù sí mi lára, tó sì fi ìró mímọ́ bò mí títí mọ́tò fi gbé wa dé Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, omi tútù ni o!

Dókítà ní ìjóná mi jinlẹ̀: iná ti jẹ awọ kọjá, kò lè hù padà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa bó awọ fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó ṣì dáa, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò. Àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sórí ìwọ̀n. Dókítà wò ó, ó mirí. Èmi tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré!

Nọ́ọ̀sì ló là á yé mi. "Ìyá Wàsíù, ara tó jóná máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Ẹni tó bá sanra díẹ̀ ní ìpamọ́. Ẹ̀yin ò ní nǹkan kan nípamọ́."

Mo bi í bóyá àwọn tó sanra ló ń yè nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àsanjù náà ní wàhálà tirẹ̀: mímí á nira, egbò á pẹ́ kó tó jiná. Wàrà, ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, kí n ṣáà máa jẹ.

Ìrora ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ báńdéèjì, mo máa ń ké títí ohùn mi á fi há. Ìyá ọkọ mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, á máa sunkún tiẹ̀.

Ibẹ̀ ni oṣù Ramadan bá wa. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá bá a láàyè, n ó gba ààwẹ̀ náà pé, kí n fi dúpẹ́. Mo bá ń ti abọ́ padà. Wọ́n bẹ̀ mí títí, mo kọ etí ikún. Ìwọ̀n lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, ibà dé. Dókítà ní bó bá tún já wálẹ̀, òun ò ní lè lẹ awọ kankan, egbò náà ni yóò sì pa mí.

Ni ìyá ọkọ mi bá ránṣẹ́ sí bàbá mi, tó jẹ́ áàfáà ní Ìlọra. Mo rò pé yóò yìn mí. Ọ̀sán gangan ló dé, ètè rẹ̀ gbẹ, òun náà ń gbààwẹ̀. Ó ṣí abọ́ mọ́ín-mọ́ín, ó bu ṣíbí kan.

"Sidi, la ẹnu."

"Bàbá, mo jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Ta ló kọ́ ẹ ní kéwú? Ṣé èmi kọ́ ni? Ọlọ́run ní kí aláìsàn jẹun, kó san ààwẹ̀ nígbà tí ara bá dá. Ìwọ wá fẹ́ mọ̀ ọ́n ju Ọlọ́run lọ? Ó yá, Bísímílà!"

Mo la ẹnu. Mo ń sunkún, mo ń jẹ.

Háà, ẹ wá wo oúnjẹ lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà! Nígbà tí ìwọ̀n kọ́kọ́ sún sókè, nọ́ọ̀sì pariwo, wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́, ìyá ọkọ mi jó láàrin bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lẹ awọ, awọ sì gbà! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fi awọ náà han ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Apá mi ò dán mọ́, ó máa ń yún mi lọ́yẹ́. Mo ti san ààwẹ̀ náà pé, pẹ̀lú ara líle. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀mí nìkan la fi ń dúpẹ́. Ara ni mo fi ń dìde kírun, ara ni mo fi ń forí kanlẹ̀. Ara náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ febi pa nítorí ọpẹ́.