Idrissou Oníyọ̀ Tó Ná Omi Mímu

Ní Tchaourou, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Idrissou Oníyọ̀, ìtàn ọjọ́ tó ná omi mímu lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Kadidjatou ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló dì í mú wọ ilé ìtọ́jú, nítorí ìrora ẹ̀gbẹ́ ò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè nàró.

Tata Rafiatou, nọ́ọ̀sì ìlú, tó ń pe gbogbo àgbà ọkùnrin ní tonton, ní, "Tonton, omi ife méjìlá lójúmọ́."

"Mẹ́ta," ni Idrissou wí.

"Mi ò tà á, tonton. Mímu ni mo ní kí ẹ mu ún."

"Mo gbọ́. Mẹ́rin, kí n máa lọ."

Nígbà tí Rafiatou kọ̀, Idrissou dìde, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà bí oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ìrora ká a mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ká kò, ó sì fúnra rẹ̀ yí padà.

"Ó dáa, mo gba méjìlá. Ṣùgbọ́n ẹ ó fún mi ní ènì."

Rafiatou fi ife kan lé e. Ó di mẹ́tàlá.

Nígbà Rẹfolúsíọ̀n nìyẹn, nígbà ìjọba ológun tí ọlọ́rọ̀ àti tálákà ń pe ara wọn ní kámáràdì. Idrissou ga, ó tín-ín-rín, ìsọ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já iyọ̀ tó ń bọ̀ láti etí òkun. Kò sí àpò tí kì í tọ́ wò. Ó ní ahọ́n òun mọ iyọ̀ Ouidah yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè já a nírọ́, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó ń lá iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi iyọ̀ jẹ iṣu sísun, ó ń fi jẹ máńgòrò, ó ń bù ú sí ẹ̀kọ mímu. Kadidjatou ò tilẹ̀ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ mọ́, torí ó mọ̀ pé ọkọ òun á bu tirẹ̀ sí i kó tó tọ́ ọ wò. Omi ńkọ́? Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Ó ní omi máa ń fọ adùn kúrò lẹ́nu òun.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni ìrora náà kọ́kọ́ mú un. Òun àti Òjó, àgbẹ̀ kan láti Sanson, ń ná àpò iyọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀bẹ. Òógùn bò ó, ó kúnlẹ̀, ó ń kérora. Òjó rò pé iye tí òun dá ló dun bàbá tó báyìí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo fi ogún fráǹkì lé e."

Idrissou ò lè gbórí sókè. "Ọgbọ̀n," ló wí, ó sì nà gbalaja sílẹ̀.

Dókítà kan ní Parakou ló yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ó ní òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, àti pé kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ti pọ̀ jù nínú ìtọ̀ náà. Ó ń ṣàlàyé lọ, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni Idrissou fẹ́ mọ̀: níbo ni kálísíọ̀mù ti ń wá? Dókítà ní ó wà nínú wàrà. Ọ̀rọ̀ tán. Bí Idrissou ṣe délé, ó dá Hawaou, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà fún Kadidjatou, dúró lójú ọ̀nà.

"Kámáràdì, ìwọ lò ń kó òkúta sí mi nínú."

Hawaou sọ igbá kalẹ̀. "Bàbá, koríko ni màlúù mi ń jẹ."

Oṣù méjì gbáko ni wàrà ò fi wọ ilé. Iyọ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ìrora sì padà dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Rafiatou. Kí wọ́n tó dórí ọ̀rọ̀ omi, ó bi Kadidjatou léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ. Kadidjatou ò fi nǹkan kan pamọ́.

"Wàrà kọ́, tonton," ni Rafiatou wí. "Ẹ lè máa mu wàrà díẹ̀ mọ́ oúnjẹ yín. Iyọ̀ ló fà á. Bó bá ti pọ̀ lára, kíndìnrín á máa tì í jáde, bó sì ti ń jáde, ó ń fa kálísíọ̀mù tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ ò wá mu omi tó máa fọ̀ ọ́ lọ. Ló bá ń dì di òkúta."

Idrissou ronú. Ó ti rí bí àwọn obìnrin etí òkun ṣe ń se omi iyọ̀ títí omi á fi gbẹ tán nínú ìkòkò.

"Ìyẹn ni pé mo ti ń se iyọ̀ nínú ara mi."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sì rí i tà."

Kadidjatou ò rẹ́rìn-ín. Rafiatou ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé bí òkúta náà ò bá jáde láàárín oṣù kan, àfi kí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Parakou, ọkọ rẹ̀ sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Láti ọjọ́ náà ló ti gba iṣẹ́ títọ́ iyọ̀ wò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àpò tuntun bá dé, òun ló ń fi ahọ́n kàn án, Idrissou á sì jókòó tì í pẹ̀lú ife omi rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó níyọ̀."

Idrissou á mí kanlẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún nílé oníyọ̀, ohun tó rí sọ nìyẹn."

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún tó ti ń mu omi náà, délégé, aṣojú ìjọba, pe gbogbo ìlú sí ìpàdé. Ó sọ̀rọ̀ títí, omi sì kún inú Idrissou. Nígbà tí kò rára gbà sí i mọ́, ó yọ́ bọ́ sẹ́yìn ilé lọ tọ̀. Kadidjatou gbọ́ igbe rẹ̀, ó dìde, ó sáré lọ. Kó tó dé ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti ń bọ̀, ó nàró ṣánṣán. Délégé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé kí ni olúkúlùkù ti mú jáde fún orílẹ̀-èdè lọ́dún náà.

Idrissou na ọwọ́ sókè, ó fi ìka méjì mú nǹkan kékeré kan. "Kámáràdì, èyí ni èmi mú jáde."

Délégé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Òkúta náà ò ju hóró ọkà bàbà lọ, èyí sì ti Idrissou lójú lẹ́yìn gbogbo igbe tó ti ké. Nígbà tí yóò fi sọ ìtàn rẹ̀ dé Goro, ó ti tó hóró àgbàdo. Ìgbà tó dé Savè, ẹyin ẹtù ni.

Ó lo ọdún mẹ́tàdínlógún sí i. Rẹfolúsíọ̀n parí lójú rẹ̀, òkúta ò sì padà wá. Ibà ló mú un lọ, nínú ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Kadidjatou ṣí ìsọ̀. Gbogbo ẹni tó wá ń fi ọ̀wọ̀ fún olóògbé: iye tó bá pè ni wọ́n ń san, wọ́n á kí i, wọ́n á lọ. Títí di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè. Nígbà tí Àṣàkẹ́ tó ń ta àkàrà náà fẹ́ sanwó láìsọ nǹkan kan, Kadidjatou di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àṣàkẹ́, jọ̀wọ́, ná an. Ibí yìí ti dákẹ́ jù."

Àṣàkẹ́ wò ó. Ó sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó yọ ṣùtì sí iyọ̀ náà, ó ní iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìdajì iye ni òun máa san. Kadidjatou fi etí ìró nu ojú, ẹ̀rín ń pa á, ó ní iye yẹn ò gbà.