Ìyá Tí Àyà Rẹ̀ Ń Lù

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àgbà sọ ọ́ kó tó gbàgbé.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé kan lọ́nà Ṣàngó, n'Ílọrin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan. Dókítà wa fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣàìsàn lóòótọ́ yàtọ̀ sí àwọn tí ìbẹ̀rù àìsàn ń dà láàmú. Ó ní ká máa bi wọ́n láràárọ̀ pé, "Ṣé ara le?" Ìbéèrè yẹn ò ṣiṣẹ́. Àgbà Ìlọrin wo lẹ máa bi bẹ́ẹ̀ tí kò ní ní "Alihamudulilahi"? Ẹni tí kò lè nàró gan-an ń dúpẹ́.

Ìyá kan ṣoṣo ni kì í fi mọ síbẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, àyà mi tún ń lù. Wá gbọ́." Màá gbọ́ ọ, n kò ní rí nǹkan kan.

Bàbá kan tó ti ṣe télọ̀ rí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, láti ìgbà ààwẹ̀ lẹ ti ń kú, síbẹ̀ túwó kì í ṣẹ́ kù nínú àwo yín!"

"Ẹ jẹ́ n yó kí n tó lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì!"

Nígbà tó yá, dókítà ní ká gbé ìyá lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Ìyá bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í.

"Ìyá, ìgbà wo ni àyà yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé ẹnìkejì mi."

Obìnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ti kú. Àwọn ọkùnrin ọsibítù ló gbé òkú rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi, n kò bẹ̀rù ikú. N kò bímọ obìnrin. Ta ni yóò wẹ̀ mí? Ṣé ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí ni yóò tú mi síhòòhò?"

Obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin lọ́dọ̀ọ wa. Mo sọ fún dókítà, ó ní ká dúró ná. Mo lọ sí àdúgbò Gàmbàrí, mo bá àwọn ìyá tó máa ń wẹ òkú nítòsí mọ́sálásí. Méjì tẹ̀ lé mi. Èyí àgbà di ọwọ́ ìyá mú: "Àwa la máa wẹ̀ yín. Bí a bá ṣáájú, àwọn ọmọ wa á wẹ̀ yín."

Ìyá ní, "Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ o! N kò fẹ́ tútù."

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́ pé kí n wá gbọ́ àyà. Ó lo ọdún díẹ̀ sí i kó tó kú, àwọn obìnrin náà sì wá. Bí àṣà, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ló pín aṣọ rẹ̀. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ kan télọ̀. Awọ àgbò tó fi ń kírun, èmi ni wọ́n fún. Ìyá mìíràn sì gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.