Ọjọ́ tí Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ Gbọ̀n

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ yìí. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ o, àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé bó bá ń fá irun fún èèyàn, oorun ló máa ń gbé onítọ̀hún lọ. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń hanrun lórí àga rẹ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́fun rẹ̀. Ohùn Jẹ́jẹ́ kì í lọ sókè. Bí ẹ bá bú u, ohun tó máa sọ kò ju, "Ẹ gbé orí yín sọ́tùn-ún díẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti ń tún aago ṣe, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, obìnrin náà kì í sì í bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Yàrá kan náà ni tọkọtaya náà jọ ń lò fún iṣẹ́. Aṣọ ìkélé ni wọ́n fi pín in sí méjì. Níwájú, dígí gbọọrọ wà níbẹ̀, àga tó ń yí, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, àti fáànù tó máa ń ké bí ẹyẹ. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni ìyàwó ti ń ránṣọ, òun àti áyọ́ọ̀nù rẹ̀ àti òkìtì aṣọ tí oníkálukú ní kó tètè bá òun parí. Irun ọkọ ń fò lọ bá ìyàwó, àjákù òwú ìyàwó ń fò wá bá ọkọ. Wọn ò fi ìyẹn jà rí. Àtọ̀gbẹ ló dá ìjà sílẹ̀.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ fura. Òun ló ń rán ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé gbogbo ìgbà lòun ń fún ìbàdí rẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń mu omi bí ẹni tó fi iyọ̀ jẹun sùn, tó sì ń tọ̀ ṣáá.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó bi í, "ṣé ẹ̀ ń bá oúnjẹ mi bínú ni?"

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gún un lórí ìka, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Oògùn oníhóró ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nígbà tí ìyẹn ò ká a mọ́, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kó máa gún ara rẹ̀ níkùn láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bàbá, bí ẹ bá ti gún un, ẹ jẹun o. Ẹ má gún un kí ẹ wá máa rìn kiri."

Láti ọjọ́ náà ni ṣúgà ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé wọn. Ìyàwó fi ife wọn ìrẹsì, ó fi ẹ̀fọ́ kún àwo, ó lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ò jiyàn. Ìyá rẹ̀ ló jiyàn.

Màmá ń gbé pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, eyín wọn pé, etí wọn sì ń gbọ́ ohun tó bá wù wọ́n láti gbọ́. Lójú tiwọn, ọmọ wọn ń rù, ẹni tó bá sì ń rù, oúnjẹ ni wọ́n ń fún un.

"Ìyàwó, ṣé ìrẹsì ọmọ mi nìyí ni, àbí ti ẹyẹ?"

"Màmá, dókítà ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

"Dókítà ti jẹun yó kó tó sọ ọ́."

Ó ti mọ́ màmá lára láti ìgbà èwe láti máa pọ́n ṣúgà lá. Èyí tó ní igun mẹ́rin yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n á dì í sí ìṣẹ́tí ìró, wọ́n á ta á ní kókó. Bí wọ́n bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, wọ́n á ti ẹyọ kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á wojú ọ̀run bí ẹni pé àwọn kọ́. Jẹ́jẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan fún ìyá ẹni. Ó ń jẹ òmíràn, ó ń ju òmíràn sápò.

Èèrà ló tú àṣírí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyàwó fẹ́ fọ ṣòkòtò, ó rí i tí èèrà tò lọ bí ọmọ iléèwé sínú àpò. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣúgà yíyọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò mọ ibi tó ti wá. "Ẹ̀yin àti màmá yín, ẹ fẹ́ sọ mí dopó! Kí ni mo wá ń fi ife wọn ìrẹsì fún? Ṣé mo ya wèrè ni?"

Jẹ́jẹ́ ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀wà àti ẹyin wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó dìde, ó dé fìlà, ó jáde. Ìyàwó rò pé yóò ra nǹkan jẹ lójú ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iléèwé fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí sì ti kó ọmọ jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Orí kan ń kúrò lórí àga, orí mìíràn ń jókòó. Ìyàwó dé lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ láì kí i. Ìjà ṣì wà nílẹ̀.

Ọjọ́ ti ń lọ sí ìyálẹ̀ta nígbà tí mo lọ gba atẹ́gùn lábẹ́ fáànù wọn. Màmá ti dé, wọ́n jókòó sí ìdí ẹnu ọ̀nà bí ìṣe wọn. Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò wà lórí àga, irùngbọ̀n ló fẹ́ gẹ̀. Mo wo Jẹ́jẹ́, mo rí i pé òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa, bẹ́ẹ̀ fáànù kọjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó la ẹnu, abẹ ti ya Tíṣà nísàlẹ̀ etí.

"Yéè! Jẹ́jẹ́, kí ló dé?"

"Orí rẹ ló wọ́!" ni Jẹ́jẹ́ pariwo. "Ta ló ní kí ìwọ gbé orí wíwọ́ wá bá mi?"

Ó pe Tíṣà ní ìwọ! Ọkùnrin tó máa ń sọ "ẹ" fún ọmọ tí wọ́n gbé wá fá irun! Ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgẹrun bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń kùn kiri nílẹ̀.

Ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì mi orí. "Ó ti mutí yó."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìyàwó jáde, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọrùn náà tutù bí ìkòkò omi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti jẹun?"

"Gbogbo yín lẹ fẹ́ pa mí!"

"Ẹ gba abẹ lọ́wọ́ ẹ̀!" ó kígbe sí mi. Mo gbà á. "Ṣúgà! Ẹ bá mi wá ṣúgà!"

Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì tún fẹ́ jiyàn. "Ṣúgà kẹ̀? Fún ọ̀mùtí?"

Ìyàwó ti kọjú sí màmá. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di ìṣẹ́tí ìró wọn mú. "Kò sí ṣúgà kankan lọ́wọ́ mi o."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò bínú. Ẹ kó o fún mi, ọmọ yín ń lọ!"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó náà. Kókó ò tú. Ìyàwó fa àlùmọ́gàjí yọ lápò, ó gé ìṣẹ́tí ìró náà sọnù, ṣúgà dà sílẹ̀. Ó kó o sínú ife omi, ó rò ó, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ. Jẹ́jẹ́ mu díẹ̀, ó tutọ́ díẹ̀ sí i láṣọ, ó tún mu.

A dúró. Nígbà tó yá, òógùn náà dá. Ó wo ilẹ̀ yíká. "Ta ló ju ẹ̀rọ mi sílẹ̀?" ó bi wá, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀ tí a mọ̀. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun, ó sunkún. Ẹnì kan sáré ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, Jẹ́jẹ́ sì jẹ ẹ́ tán pátá lójú gbogbo wa, Tíṣà fi òwú tẹ etí rẹ̀, ó ń wò ó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí màmá máa sọ. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ṣúgà ni oògùn rẹ̀!" Wọ́n ti fẹ́ lọ ra odidi páálí kan. Ìyàwó ò bá wọn jà, ó mú wọn lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, "bí iná bá pọ̀ jù nídìí ọbẹ̀, ńkọ́?"

"Á jóná."

"Bí iná bá kú ńkọ́?"

"Kò ní jinná."

"Iná ọmọ yín pọ̀ jù ni a ṣe ń fún un lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi abẹ́rẹ́ dín iná kù, kò wá fi igi síbẹ̀. Iná fẹ́ kú. Ṣúgà yín ló ràn án. Ẹ ṣeun. Àmọ́ èyí tí ẹ ń fún un lójoojúmọ́, tí iná ti ń jó lala..."

Màmá dá a lẹ́nu dúró. "Epo ni mo ń dà sí i." Wọn ò sì ra páálí ṣúgà náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bẹ́ǹṣì ṣófo. Ìròyìn ti lọ pé Jẹ́jẹ́ ń mutí ṣiṣẹ́. Kò sọ fún oníbàárà kankan rí pé ara òun ò dá, ẹ̀rù ń bà á pé wọn ò ní gbé orí fún òun mọ́. Ìyàwó ní kó sọ ọ́.

"Kí n wá máa polówó àìsàn?"

"Èwo ló wù yín nínú kí wọ́n pè yín ní ọ̀mùtí àti kí wọ́n pè yín ní aláìsàn?"

Jẹ́jẹ́ ní kí n bá òun lọ sílé Tíṣà. Nígbà tí a débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo gé yín létí, mo tún pè yín ní ìwọ."

"Ti etí ti jinná," ni Tíṣà fèsì. "Orí wíwọ́ ló dùn mí. Jẹ́jẹ́, ṣé lóòótọ́ ni orí mi wọ́?"

Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè, ó wo orí náà dáadáa. "Díẹ̀ ni, sà. Lápá ọ̀tún."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ wá sọ ọ́: "Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí." Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan fi tirẹ̀ pamọ́ títí wọ́n fi gé e lẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà náà, Jẹ́jẹ́ ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá jókòó sórí àga. Púpọ̀ nínú wọn padà wá. Àwọn kan ò padà. Oníṣòwò kan sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé òun ò lè fi ọ̀fun òun sílẹ̀ fún ẹni tó lè dákú, ó sì lọ síbòmíràn. Jẹ́jẹ́ ní òun ò rí ẹ̀bi rẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó dùn ún. Bó bá di ọ̀sán, kò sí bí èrò ṣe lè pọ̀ tó, á pa ẹ̀rọ, á jókòó, á jẹun.

Wọ́n ṣì ń jà o, ẹ má rò pé wọ́n di áńgẹ́lì. Òfin kan ni wọ́n fi kún un: bó bá ti gún abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a jà títí á fi jẹun tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ tọrọ òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyàwó láàárọ̀ nílé wọn. Mo bá a tó dúró ti tábìlì, ó ká apá lé àyà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

"Ẹ ti gbé e mì?"

"Mo ti gbé e mì."

"Ó dáa. Ta ló ní kí ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó máa kó ẹrù bọ̀ nílé wa?"