Irun Mama Lójú Fèrèsé

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti fa kọ́tìnì bo fèrèsé Mama, láti ìgbà náà ni Shen Yulan kò sì ti rí iṣẹ́ gidi kan ṣe. Ó jókòó sídìí tábìlì ìgbẹ́gi rẹ̀ ní Clarkston, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó ń pọ́n ọ̀bẹ tó ti mú tẹ́lẹ̀, ó sì ń gbójú sókè wo òdìkejì ọgbà. Kọ́tìnì náà kò mira.

Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé ayàwòrán ni Shen. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kún tó. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, wọn kò sì jọra. Ó ń fi ọ̀dà olóròóró kun aṣọ tí wọ́n nà sára férémù; bí ó bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, á fi ọ̀dà mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún ń gbẹ́ àwòrán sára pákó, á fi rólà yí tàdáwà dúdú sí i, á wá tẹ bébà lé e lórí. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò ni yóò funfun lórí bébà, ibi tí ọ̀bẹ kò kàn ni yóò dúdú. Nínú iṣẹ́ pákó yìí, ohun tí ọ̀bẹ bá ti mú lọ kì í padà.

Ìlú Chongqing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí kò fẹ́ kí wọ́n ya ẹni tó bá ti múra sílẹ̀. "Ẹni tó mọ̀ pé ẹ ń wo òun, irọ́ ló ń pa fún yín," ni ọkùnrin náà máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn bá Shen dé Atlanta.

Mama ni ìyá Làtífátù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì ọgbà. Nígbà tí Mama dé láti Ìwó, Shen fi ọ̀dà olóròóró yà wọ́n, ó sì fi àwòrán náà ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó fún un, Mama wé ìborí funfun tó balẹ̀ dé èjìká, wọ́n jókòó ganpá bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Pálọ̀ Làtífátù ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Shen kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mama tó fẹ́ràn ni èyí tó máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ lójú fèrèsé òkè, tí wọ́n ṣí orí sílẹ̀, tí wọ́n ń fi òòyà ya irun funfun wọn díẹ̀díẹ̀, tí ẹnu wọn ń mì bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣàwàdà. Ìyẹn ló gbẹ́ sára pákó. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló fi ọ̀bẹ tọ̀. Ó tọrọ àyè, bí a bá lè pe èyí ní títọrọ àyè: ìgbà tí Làtífátù ń sáré wọ mọ́tò lọ sí shift ló dá a dúró.

"Ṣé mo lè ya Mama lójú fèrèsé?"

"No problem, Aunty."

Shen kò mẹ́nu ba irun. Ó mọ ìdí tí kò fi mẹ́nu bà á.

Ó tẹ ẹ̀dà díẹ̀, ó kó wọn lọ síbi ìpàtẹ kan, àwọn èèyàn sì rà wọ́n tán. Ọ̀kan dé ọ́fíìsì kan ní ìlú Smyrna, níbi tí Surajudeen, ará mọ́ṣáláṣí Làtífátù tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ti lọ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, ó yà sílé Làtífátù pẹ̀lú ìdùnnú.

"Mama, ẹ ti di gbajúmọ̀ o. Mo rí yín lára ògiri ní Smyrna." Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn.

Mama wo fóònù náà. Wọ́n ní kí ó gbé e kúrò níwájú àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n fa kọ́tìnì.

Ní ọjọ́ kejì ni Làtífátù wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Shen. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo.

"Aunty, ẹ̀yin náà lẹ ya èyí tó wà ní pálọ̀ mi. Ẹ rí ohun tó wà lórí Mama níbẹ̀."

Shen tẹ̀ lé e lọ bẹ Mama. Gẹ̀ẹ́sì Mama kò tó nǹkan, Làtífátù ló ń túmọ̀.

"Mi ò bínú pé o rí irun mi," ni Mama wí. "Obìnrin bíi tèmi ni ọ́. Ká ní o kanlẹ̀kùn ni, ǹ bá ní kí o wá bá mi dì í. Àmọ́ o gbé mi lọ síbi táwọn ọkùnrin ti ń mu kọfí."

"Mama, mo rò pé..."

"Ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ò ń wò mí, kí ni mo wé?"

Shen wolẹ̀. "Ìborí."

"Ó dáa. O mọ̀ nígbà náà."

Làtífátù rọra túmọ̀ gbólóhùn yẹn, bí ẹni tó ń ṣí báńdéèjì lójú egbò.

Shen délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó rà á. Ó fún wọn ní àwòrán mìíràn, wọ́n sì dá ti Mama padà. James, ọlọ́fíìsì Smyrna, nìkan ló kọ̀.

"Madam, mo ti rà á. Ìyá yẹn máa ń tù wá nínú. Ta ló mọ̀ ọ́n níbí?"

"Ẹni tó tún ẹ̀rọ yín ṣe mọ̀ ọ́n."

James rẹ́rìn-ín, ó ní kó má bínú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Pákó náà wá kù níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ṣe ohun tó dára tó o rí. Ká ní ọ̀dà ni, ì bá fi ọ̀dà bo irun náà, kó sì parí síbẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi kún pákó. Gbígbẹ́ kúrò nìkan ló gbà. Ó wò ó títí, kó tó yé e pé ibi tí a bá gbẹ́ kúrò náà ló ń funfun lórí bébà, bí ìborí Mama. Ó ki ọ̀bẹ bọ irun Mama. Ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó gbẹ́ òkùnkùn yàrá tó wà lẹ́yìn ọrùn kúrò títí dé èjìká, ó sì fi ilà díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí aṣọ yóò ti ṣẹ́po. Ó gbẹ́ òòyà náà kúrò. Ọwọ́ tó ti ń yarun wá dà bí ọwọ́ tó di etí ìborí mú. Nígbà tó tán, àwọn fọ́nrán irun yẹn wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí èérún igi lásán, ó sì gbá wọn jọ.

Ó tẹ ẹyọ kan, ó gbé e lọ fún Mama pẹ̀lú pákó náà àti àwọn ẹ̀dà tó gbà padà.

Mama wò ó pẹ́. "Ta ló wé e fún mi?"

"Ọ̀bẹ ni, Mama."

"Ó mọ̀ ọ́n wé ju Làtífátù lọ. Àmọ́ imú yìí, ti Surajudeen lo fún mi."

Làtífátù rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀. Mama kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ jọ, wọ́n da ojú wọn délẹ̀ lórí àga.

"Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Ó ku ti Smyrna. Ó ní òun kò ní dá a padà."

Mama mi orí. "Yóò máa wò mí nìṣó nígbà náà." Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n ní kí Làtífátù fún àlejò lómi mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kọ́tìnì ṣí. Shen sáré dìde nídìí tábìlì rẹ̀. Mama ti jókòó sí àyè wọn lójú fèrèsé. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ìborí funfun wà lórí wọn nínú yàrá ara wọn, ó balẹ̀ dé èjìká, wọ́n sì jókòó ganpá bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ẹnu wọn kò mì. Wọ́n rí Shen, wọ́n juwọ́ sí i.

Shen juwọ́ padà. Ó wá di etí tábìlì ìgbẹ́gi náà mú, ó ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ó wúwo, títí ó fi kọjú sí ògiri, tó sì kẹ̀yìn sí fèrèsé Mama.