Ìròyìn Tí Mo Dá Padà

Oògùn ikọ́ tí wọ́n ń pò nílé iṣẹ́ náà máa ń ta sánsán bí ọsàn, òórùn rẹ̀ a sì wà lára aṣọ mi títí n ó fi délé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tó ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́ oògùn kékeré kan ní Ìkòròdú, ló bẹ̀ mí pé kí n wá máa bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó oògùn. Ó ní lẹ́tà àwọn ọmọ òde òní kò lórí, kò nídìí. Inú mi dùn. Mo ra bírò pupa tuntun.

Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí kò bá tíì pé kò gbọdọ̀ dé iwájú ìjọba. Bí àwọn tí mo bá níbẹ̀ ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Àwa ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ̀wé sí ọba, àwọn náà ń fèsì bí ọba, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì lórí fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn wa mú ìròyìn ojú ewé kan wá. Omi dídùn tí wọ́n fi pò oògùn ikọ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń fu ú lára. Ó ní ó lè jẹ́ irú èyí tó ń ba kíndìnrín ọmọ jẹ́.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò tíì dá mi lójú, Màmá. Ó ku àyẹ̀wò kan."

Mo kọ "Kò pé" sórí ìwé náà, mo dá a padà fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Lọ́jọ́ yẹn, òwe náà kò wá sí mi lọ́kàn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọmọ mi obìnrin pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ikọ́ ń ṣe ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì.

"Oògùn ilé iṣẹ́ yín ni mo rà fún un lánàá o, Màmá. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún ẹni tó tà á!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àmọ́ ó ń bì, kò sì tíì tọ̀ láti àárọ̀."

Mo ní kó ka nọ́ńbà ara ìgò náà fún mi. Nọ́ńbà tó wà nínú ìròyìn tí mo dá padà ni. Mo ní kó gbé ọmọ náà sáré lọ sílé ìwòsàn, kó mú ìgò dání.

N kò dúró de ọ̀gá. Mo tẹ nọ́ńbà tó máa ń wà lókè lẹ́tà ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í tẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i létòlétò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀nba èyí tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ."

Mo sọ ọ́.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé, sà."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Kí ẹ̀rí pé, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Kí ẹ̀rí tó pé, Màmá, ọmọ wo ló máa kù tí a ó gbà là?"

Kò bú mi. Ó ní kí n pe ọ̀gá àti ọmọbìnrin náà wá sídìí fóònù. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti ń kó oògùn náà kúrò nílé ìtajà láti Ìmọ́tà dé Ẹ̀pẹ́. Èmi jókòó ti fóònù, mo ń retí ìpè ọmọ mi. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà mí rí.

Wọ́n ń pe ìrun àṣálẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi tún pè láti ilé ìwòsàn. "Màmá, ó ti tọ̀ o! Ara mi ló tọ̀ ọ́ sí, gbogbo ìró mi ló tutù!" Mo bú sẹ́kún.

Àyẹ̀wò tó kù fi hàn pé ọmọbìnrin náà kò ṣìnà. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ àti ìjọba ti fẹnu kò pé ẹni tí nǹkan bá fu lára kó pè lọ́jọ́ náà, kí lẹ́tà tẹ̀ lé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a kò rí gbogbo ìgò náà gbà padà. Wọ́n ti ta díẹ̀ lọ́jà Èjìnrìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fún àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi wá tí wọ́n sì bá a lọ.

Mo ṣì máa ń ná ọjà náà. Àwọn ìyá tó pọn ọmọ a máa kí mi pé, "Ẹ kú ọjà o, Màmá." Mo ń dá wọn lóhùn. N kò tíì lè bi ẹnì kankan nínú wọn léèrè ohunkóhun.