Ìgbà Tí Mo Fi Orógbó Pààrọ̀ Sìgá

Télọ̀ ni mí ní Ìjerò, ó sì pẹ́ tí mo ti ń mu sìgá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bí mo bá ń gé aṣọ, ẹnu mi ló wà. Bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, á wà létí àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa rú èéfín.

Ìyá kan tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa ló gbé ẹ̀wù méjìlá fún mi láti rán fún ìsìn ìkórè. Mo rán wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo kó wọn fún un. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè, ó tún kó gbogbo rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi nínú àpò ńlá.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Rírán yín dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà ní kí n fi ẹni tó ń mu sìgá nínú àwọn akọrin han òun. Mo ní kò sí. Ó ní kí n sún mọ́ wọn.” Ó tú àpò náà sórí tábìlì. “Ìyá àgbà méje, bàbá àgbà márùn-ún, gbogbo wọn ń rùn bí ilé ọtí.”

Kò bínú. Ẹ̀rín ló ń rín, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Mo fọ ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dá a padà.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta orógbó, atalẹ̀ àti pákò lọ́jà. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi sìgá sílẹ̀.

“Ṣé ẹnu ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu ni àbí ọwọ́?” ló bi mí.

Mo ní mi ò mọ̀.

“Jẹ́ ká ti ibi ẹnu bẹ̀rẹ̀. Bó bá wù ẹ́, jẹ orógbó. Bó bá tún wù ẹ́, run pákò. Bó bá tún wù ẹ́, mu omi atalẹ̀ gbígbóná. Bí kò bá wá gbọ́ gbogbo ìyẹn, pè mí.”

“Kí lẹ máa wá ṣe, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Màá bú ẹ.”

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi korò sí oúnjẹ gbogbo. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn. Ìyàwó mi ní kí n lọ máa bá ẹ̀rọ mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí Ìkògòsí, ó ní kí n lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tó ń sun níbẹ̀, kí ara mi lè balẹ̀. Bó ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí mi mú nǹkan kan tó dà bíi bírò jáde. Ó fà á, èéfín olóòórùn máńgòrò sì bò wá. Sìgá oníbátìrì ni.

“Ẹ tọ́ ọ wò, bàbá,” ló wí. “Máńgòrò lásán ni.”

Mo fà á. Ikọ́ mú mi débi pé ẹ̀gbọ́n mi sáré padà. Ó gbóòórùn afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

“Máńgòrò wo ló wà lásìkò yìí?” Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ohun tó wà nínú tábà wà nínú èyí?”

“Ó wà níbẹ̀, mà. Àmọ́ díẹ̀ ni.”

“O ṣeun. Àbúrò mi ń sá fún un láti Ìjerò, ìwọ wá lọ dúró dè é níbí.”

Mo rò pé yóò bú mi. Ńṣe ló fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà kì í padà sílé torí ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní òun ti ń wò mí látàárọ̀: ìka méjì tí mo fi ń mú sìgá kò sinmi rárá.

“Ọwọ́ ni,” ló wí. “Wáṣẹ́ fún un.”

Láti ọjọ́ náà, bí sìgá bá wù mí, mo máa ń pa ẹ̀rọ, màá mú abẹ́rẹ́, màá sì fọwọ́ rán etí ṣòkòtò. Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba búláòsì rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀nà náà dára, pé ìfẹ́ sìgá máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ béèyàn bá fara dà á. Ó ní bó bá le jù fún mi, kí n má tijú láti wá sílé ìwòsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tíì rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán tí ìfẹ́ náà yóò fi lọ. Mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo mu sìgá níbi ìnáwó òkú kan ní Ìjerò. Èmi fúnra mi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún un.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mi ò fẹnu kan sìgá. Ẹnu mi wá gba iyán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti tú ìbàdí ṣòkòtò mi lẹ́ẹ̀mejì láti fi aṣọ kún un, ìyàwó mi sì ti ń béèrè pé ewé wo ni ẹ̀gbọ́n mi ní fún èyí.