Màmá Tó Ń Bi Afẹ́fẹ́ Léèrè Ọ̀nà

Bí mo bá ń lá ìka, màmá onílé wa ní Bàrígà ni mo máa ń rántí, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, orí omi ni wọ́n dàgbà sí. Kódà bó jẹ́ Ọbaníkòró ni wọ́n ń lọ, wọ́n á kọ́kọ́ lá ìka, wọ́n á nà án sókè, kí wọ́n mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Nígbà tí wọ́n ní kí n fi mọ́tò mi gbé àwọn lọ wo òkè Ìdànrè, níbi tí àwa méjèèjì ò dé rí, mo ṣí máàpù lórí fóònù. Wọn ò tiẹ̀ wò ó.

"Ìgbà wo lomi ibẹ̀ máa ń fà?"

"Màmá, títì la máa gbà o!"

"Títì ọ̀hún, ṣé kì í lọ sókè sódò ni?"

Bí a ṣe yọ sí Ìdànrè, tí òkè tò lọ rẹrẹ níwájú wa, màmá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbàgbé láti lá ìka. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá rọra bi mí pé:

"Ìgbì mà rèé! Ta ló bá a wí tó fi dúró jẹ́ẹ́ báyìí?"